«Fara balẹ̀!» Ṣùgbọ́n báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe é?

 Wàhálà ọjọ́ gbogbo la fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀ lé lórí lónìí. Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti inú kíláàsì, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti bá àwa fúnra wa.

Níbi tí a ti ń kọ́ àwọn tó fẹ́ di olùkọ́, ọjọ́ kan máa ń dé tí akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan á dúró níwájú àwọn ọmọ kéékèèké láti fi ohun tó ti kọ́ hàn. Àwa á jókòó sẹ́yìn kíláàsì, bíìkì lọ́wọ́, ìwé máàkì lórí itan. Lọ́dún kan, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó mọ̀wé dáadáa bọ́ síwájú àwọn ọmọ CM1 láti kọ́ wọn bí a ṣe ń pín odidi nǹkan sí ìdajì àti ìdá mẹ́rin. Ó mú ẹfun, ó kọ déètì sójú pátákó. Ìgbà tó máa sọ̀rọ̀, ohùn ò jáde. Ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n débi pé ẹfun ń lu pátákó ko-ko-ko. Àwọn ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Àwa náà, láti ẹ̀yìn, a ké sí i pé: «Calme-toi! Fara balẹ̀!» Ṣé ara wá balẹ̀? Rárá o, ńṣe ló burú sí i. Kò pẹ́, ó gbé ẹfun sílẹ̀, ó jáde.

Nígbà tí a bá a lábẹ́ igi máńgòrò, ó bi wá ní ìbéèrè kan tí a ò rí ìdáhùn sí: «Monsieur, ẹ ní kí n fara balẹ̀. Báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe é?»

A dákẹ́. Ó ti lé lọ́dún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tí a ti ń sọ fún ọmọ ọlọ́mọ pé kó fara balẹ̀, a ò sì tíì kọ́ ẹnì kankan rí bí ara ṣe ń balẹ̀. A ń kọ́ wọn ní ìṣirò, a ń kọ́ wọn ní gírámà, a tilẹ̀ ń kọ́ wọn bí wọ́n ṣe máa di bíìkì mú. Èyí nìkan la kàn ń pàṣẹ rẹ̀.

Láti ọjọ́ náà la ti ń kàwé nípa rẹ̀, tí a ń bi àwọn dókítà léèrè, tí a sì ń dán an wò lára wa. Ohun tí a rí kọ́ kò pọ̀: ìfarabalẹ̀ kì í ṣe ìwà nìkan, iṣẹ́ ara ni. A máa ń kọ́ ọ bí a ṣe ń kọ́ kẹ̀kẹ́ gígùn, kì í sì í ṣe ọjọ́ tí ẹrù bá wà lórí kẹ̀kẹ́ la ń kọ́ ọ. Ohun tí a fi ń darí rẹ̀ ni èémí.

Kí ló ń ṣe ara nígbà tí ọkàn ò balẹ̀?

Ẹ wo àgbẹ̀ kan lóko ní agbègbè Kétu, tó ṣàdédé rí paramọ́lẹ̀ lẹ́bàá ẹsẹ̀ rẹ̀. Kó tó ronú rárá, ara ti ṣe tirẹ̀. Ọkàn ń lù kìkìkì, èémí ń yára, ẹ̀jẹ̀ ti sáré lọ sí itan àti apá, itọ́ ti gbẹ lẹ́nu, oúnjẹ inú ikùn ti dúró níbi tó dé. Kókó kékeré méjì tó jókòó lórí kíndìnrín ti tú adrénaline sínú ẹ̀jẹ̀. Ara ti múra láti jà tàbí láti sá. Walter Cannon, onímọ̀ nípa iṣẹ́ ara ní Amẹ́ríkà, ló ṣàlàyé ètò yìí nínú ìwé kan tó jáde lọ́dún 1915. Lẹ́yìn rẹ̀, lọ́dún 1936, Hans Selye tó ń ṣiṣẹ́ ní Montréal, ní Kánádà, kọ̀wé pé oríṣiríṣi ìnira ni ara máa ń dáhùn sí lọ́nà kan náà, àti pé bí ìnira náà bá pẹ́ jù, agbára ara á tán. Iṣẹ́ Selye ló mú kí gbogbo ayé máa sọ ọ̀rọ̀ «stress» títí dòní. Àwọn tó ń kọ Yorùbá ń pè é ní másùnmáwo.

Ètò náà dára o. Òun ló gba àwọn baba ńlá wa lọ́wọ́ ejò àti ẹranko. Ibi tí wàhálà wà ni pé ara ò mọ ìyàtọ̀ láàrin paramọ́lẹ̀ àti onílé tó wá béèrè owó. Ó ń lo oògùn kan náà fún àwọn méjèèjì. Ejò á lọ, tàbí kí wọ́n pa á, ara á sì rọlẹ̀. Ṣùgbọ́n owó ilé-ìwé ọmọ kì í lọ ní ìṣẹ́jú márùn-ún. Gbèsè àjọ ò ṣeé fi àdá pa. Ọ̀nà láti Àjàṣẹ́ dé Kútọ̀nu tó kún fún ọkọ̀ láàárọ̀, èèyàn ò lè sá fún un. Bẹ́ẹ̀ ni ara á wà ní ìmúrasílẹ̀ látàárọ̀ ṣúlẹ̀, bí alùpùpù tó dúró lójú kan tí wọ́n sì ń fún un níná gan-an: epo ń jó, ẹ́ńjìnnì ń gbóná, kò sì kúrò níbi tó wà.

Àmì rẹ̀ ò pamọ́. Ọrùn á máa ro èèyàn, orí á máa fọ́. Oorun á lọ ní aago mẹ́ta òru. Èèyàn á rí i pé òun ti pa eyín pọ̀ láìmọ̀. Inú á máa rú. Ọ̀rọ̀ tí kò tó nǹkan á di ìjà. Bí wọ́n bá sì béèrè lọ́wọ́ onítọ̀hún, á ní: «Kò sí nǹkan o, ó kàn rẹ̀ mí ni.»

Kí ló dé tó fi jẹ́ èémí?

Oríṣi iṣẹ́ méjì ló wà nínú ara. Èkíní ni èyí tí a ń pàṣẹ fún: gbé ọwọ́, la ẹnu, dìde. Èkejì ni èyí tó ń ṣe ara rẹ̀: lílù ọkàn, ìdà oúnjẹ, ìlàágùn. Ẹ pàṣẹ fún ọkàn yín báyìí pé kó lù pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kí ẹ wò ó bóyá á gbọ́. Kò ní gbọ́. Nínú àwọn iṣẹ́ ńlá tí ẹ̀mí wa dúró lé, èémí nìkan ló ní ẹsẹ̀ níhà méjèèjì. Bí a bá sùn, ó ń lọ fúnra rẹ̀. Bí a bá jí tí a sì fẹ́, a lè dá a dúró, a lè fà á gùn. Ilẹ̀kùn yẹn la máa gbà wọlé bá àwọn yòókù.

Iṣan-ìmọ̀lára tó ń darí àwọn iṣẹ́ tó ń ṣe ara wọn pín sí ọ̀nà méjì. Èyí tí wọ́n ń pè ní sympathique ló ń ta ara jí. Èyí tí wọ́n ń pè ní parasympathique ló ń mú ara rọlẹ̀. Olórí nínú ti ìkejì yìí ni nerf vague: ó ti inú ọpọlọ wá, ó gba ọrùn kọjá, ó dé ọkàn, ó sì dé ikùn.

Ẹ lè fọwọ́ ara yín dán an wò. Ẹ fi ìka méjì lé ọrùn ọwọ́ yín, lábẹ́ àtàǹpàkò, níbi tí ẹ̀jẹ̀ ti ń lù. Ẹ mí díẹ̀díẹ̀, kí ẹ sì máa fetí sí i. Bí ẹ bá ń fa afẹ́fẹ́ wọlé, lílù náà á yára díẹ̀. Bí ẹ bá ń tú u síta, á fà díẹ̀. Ó hàn lára ọ̀dọ́ ju lára àgbà lọ. Ìdí rẹ̀ ni pé nígbà tí a bá ń tú èémí jáde, nerf vague á fa ọkàn sẹ́yìn díẹ̀, bí ẹni tó tẹ ìjánu kẹ̀kẹ́. Nítorí náà, bí ìtújáde bá gùn ju ìfàwọlé lọ, àkókò tí ìjánu fi wà lẹ́sẹ̀ á pọ̀ ju àkókò tí iná fi wà lọ. Àṣírí náà kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Àwọn àgbà wa ò ka ìwé Cannon, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ èdè wọn. Wọ́n fi èémí sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀mí. Ẹni tí ọ̀rọ̀ ti tán fún á ní: «Mo ráyè mí.» Bí obìnrin tó ti ọjà Ouando bọ̀ bá sọ ẹrù kalẹ̀, ohun àkọ́kọ́ tó máa ṣe, kó tó bu omi mu, ni pé á mí kanlẹ̀. Èémí náà gùn, ó lọ sílẹ̀, ó tán pátápátá, èjìká á sì bá a wálẹ̀. Lọ́dún 2023, àwọn onímọ̀ ní yunifásítì Stanford, ní Amẹ́ríkà, tẹ ìwádìí kan jáde nípa irú mímí kanlẹ̀ bẹ́ẹ̀: kí a fa èémí lẹ́ẹ̀mejì tẹ̀ léra, kí a wá tú u síta fún ìgbà pípẹ́. Àwọn tó ṣe é fún ìṣẹ́jú márùn-ún lójúmọ́, fún oṣù kan, rí i pé inú wọn túbọ̀ ń dùn, èémí wọn sì rọlẹ̀ sí i. Ohun tí ìyá wa ń ṣe lẹ́nu ọ̀nà ilé nìyẹn.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀

Bí a bá ní kí ọmọ ilé-ìwé «mí dáadáa», ẹ wo ohun tó máa ń ṣe. Á gbé àyà sókè, á gbé èjìká dé etí, á fa afẹ́fẹ́ gùùù bí ẹni tó fẹ́ wọnú odò. Bó bá ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà mẹ́wàá, òòyì á kọ́ ọ.

Àgbàlagbà tó jókòó jẹ́ẹ́ máa ń mí ní ìgbà 12 sí 20 ní ìṣẹ́jú kan. Bí èémí bá yára jù tàbí tó pọ̀ jù, gaz carbonique inú ẹ̀jẹ̀ á dínkù ju bó ṣe yẹ lọ. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ìdọ̀tí lásán ni gaz carbonique jẹ́, pé bí a bá ṣe tú u dànù tó ni ó ṣe dára tó. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ara nílò ìwọ̀n rẹ̀ kan. Bó bá dínkù jù, òpó ẹ̀jẹ̀ inú ọpọlọ á sún kì, orí á fò lọ, ọmọ ìka àti ètè á máa ta bíi pé èèrà ń rìn nínú wọn, àyà á fún. Ẹni tó ń ṣe á rò pé afẹ́fẹ́ ò tó òun, á sì tún máa mí kíkankíkan. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀ràn á máa pọ̀ sí i.

A mọ̀ ọ́n torí pé ó ti ṣẹlẹ̀ sí wa. Lóru ọjọ́ kan, ní àkókò tí ìdánwò, gbèsè àti àìsàn bàbá wa dé lẹ́ẹ̀kan náà, a jí tí ọmọ ìka ń ta wá, tí àyà ń fún wa. A rò pé ọkàn ló fẹ́ dúró. Ìyàwó wa gbé wa lọ sílé ìwòsàn. Wọ́n yẹ ọkàn wò, kò sí nǹkan tó ṣe é. Dókítà jókòó tì wá, ó ní: «Ẹ ti ń mí ju bó ṣe yẹ lọ láti ìgbà tí ẹ ti wọlé. Ẹ má fa púpọ̀, ẹ kàn tú u síta díẹ̀díẹ̀.» Láàrin ìṣẹ́jú díẹ̀, ìka dákẹ́. Ọjọ́ yẹn ló yé wa pé kì í ṣe èémí tó pọ̀ la ń wá, èémí tó pẹ́ ni.

Bí a ṣe ń kọ́ ọ

Ẹ wo ọmọ ọwọ́ tó sùn lórí ẹní. Ikùn rẹ̀ ló ń lọ sókè sódò, àyà rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ mì. Gbogbo wa la ti mọ̀ ọ́n ṣe rí. Iṣan pẹlẹbẹ kan wà láàrin àyà àti ikùn, tó tẹ̀ sókè bí ìdérí ìkòkò. Àwọn Faransé ń pè é ní diaphragme. Bí ó bá sọ̀ kalẹ̀, ẹ̀dọ̀fóró á rí àyè, afẹ́fẹ́ á wọlé, á sì ti ikùn síta. Nígbà tí másùnmáwo bá dé, ikùn á le, iṣan yìí ò ní ráyè sọ̀ kalẹ̀ dáadáa, ọrùn àti èjìká á wá máa ṣe iṣẹ́ tí kì í ṣe tiwọn. Ìdí nìyí tí ọrùn fi ń ro wá lálẹ́.

Bí a ṣe ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa nìyí:

1. Ẹ dùbúlẹ̀ lórí ẹní, kí ojú wo òkè, kí orúnkún ká sókè, kí àtẹ́lẹsẹ̀ wà nílẹ̀. Ẹ tú bẹ́líìtì, ẹ tú okùn ìró bó bá fún jù.

2. Ẹ fi ọwọ́ kan lé àyà, kí ẹ fi èkejì lé abẹ́ ìdodo. Ẹ má ṣe nǹkan kan fún ìgbà díẹ̀. Ẹ kàn wo ọwọ́ tó ń mì.

3. Ẹ fi imú fa afẹ́fẹ́ wọlé jẹ́jẹ́, kí ọwọ́ ìsàlẹ̀ dìde, kí ti òkè dúró. Bí kò bá yé yín, ẹ gbé kàyé kékeré kan lé ikùn, kí ẹ máa wò ó bó ṣe ń gòkè tó ń sọ̀.

4. Ẹ tú u síta bí ẹni tó ń fẹ́ ẹ̀kọ gbígbóná nínú igbá: kò gbọdọ̀ lágbára tó láti da ẹ̀kọ nù, ó sì gbọdọ̀ pẹ́ tó láti mú un tutù.

5. Ẹ wá fi òǹkà sí i. Bí ẹ bá ń fà á: ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin. Bí ẹ bá ń tú u: ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin, àrún, ẹ̀fà. Òǹkà kọ̀ọ̀kan tó ìṣẹ́jú àáyá kan.

Bí 4 àti 6 bá ṣòro fún yín, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti 3 àti 4. Kò sí ẹni tó ń lé yín. Bí òòyì bá ń kọ́ yín, ẹ ti ń fà á púpọ̀ jù nìyẹn: ẹ padà sí mímí tẹ́lẹ̀, kí ẹ tún bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú afẹ́fẹ́ tó kéré. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Ìwọ̀n 4 àti 6 yìí jẹ́ ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá fún èémí kan, ìyẹn èémí mẹ́fà ní ìṣẹ́jú kan. Àwọn tó ń gbọ́ Faransé á ti gbọ́ nípa rẹ̀ lórúkọ cohérence cardiaque. David Servan-Schreiber, dókítà ará Faransé, ló sọ ọ́ di ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn mọ̀ nípa ìwé rẹ̀ *Guérir*, tó jáde lọ́dún 2003. Wọ́n máa ń fi òǹkà 3-6-5 rántí rẹ̀: ìgbà mẹ́ta lójúmọ́, èémí mẹ́fà ní ìṣẹ́jú kan, fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Ní tiwa, a máa ń ṣe é láàárọ̀ kí ilé tó jí, ní ọ̀sán kí a tó padà sí kíláàsì, àti ní ìrọ̀lẹ́. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ò dùn mọ́ wa rárá, ọkàn wa ń rìn lọ sọ́jà. Ó tó nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí ara wa tó mọ ọ̀nà náà fúnra rẹ̀.

Kí iṣan náà sinmi

Ẹni tó bá ti ru ẹrù pẹ́, ọrùn rẹ̀ á gbàgbé pé ẹrù wà lórí. Bẹ́ẹ̀ náà ni iṣan wa. A lè ká ọwọ́ pọ̀, kí a wa èjìká sókè láti òwúrọ̀, kí a má mọ̀. Edmund Jacobson, dókítà ará Amẹ́ríkà tó tẹ ìwé rẹ̀ *Progressive Relaxation* jáde lọ́dún 1929, rí ọgbọ́n kan sí i: kí a kọ́kọ́ mọ̀ọ́mọ̀ mú iṣan le, kí a wá tú u sílẹ̀, kí ara lè mọ ìyàtọ̀.

Ẹ ṣe é lálẹ́ lórí ibùsùn. Ẹ di ọwọ́ ọ̀tún ní ẹ̀ṣẹ́ fún ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún, kí ẹ tú u sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kí ẹ sì fi ìlọ́po méjì àkókò náà wo bó ṣe ń rọ̀. Ẹ lọ sí ọwọ́ òsì. Ẹ gbé èjìká dé etí, ẹ jù ú sílẹ̀. Ẹ pa eyín pọ̀, ẹ jẹ́ kó là. Ẹ mú ikùn le, ẹ tú u. Itan, ẹsẹ̀, ọmọ ìka ẹsẹ̀. Ìgbà tí ẹ bá ń tú u sílẹ̀ ni kí ẹ máa tú èémí pẹ̀lú. Ibi tó bá ní egbò tàbí tó ń ro yín tẹ́lẹ̀, ẹ fò ó. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa sọ pé àwọn kì í dé ẹsẹ̀ kí oorun tó gbé àwọn lọ.

Níbi tí a ti ń lò ó

Kò sí ẹni tó máa tẹ́ ẹní sílẹ̀ láàrin ọjà. Orí ẹní la ti ń kọ́ ọ, inú ayé la ti ń lò ó.

Oní-zémidjan tó dúró níbi iná pupa lè tú èémí gígùn mẹ́ta kí iná tó yí padà, ojú rẹ̀ ní yíyà o. Ìyá tó ń ta gààrí, tí oníbàárà ti bú, lè mí kanlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan kó tó dá a lóhùn. Ọmọ tó jókòó ti ìwé ìdánwò BEPC tàbí BAC lè gbé bíìkì sílẹ̀, kó tẹ ẹsẹ̀ méjèèjì mọ́lẹ̀, kó mí ní ìgbà mẹ́fà kó tó ka ìbéèrè àkọ́kọ́. Ìṣẹ́jú kan péré lèyí ń gbà nínú wákàtí ìdánwò, ó sì sàn ju kí èèyàn fi ìdajì wákàtí wo ìwé tí kò wọ orí.

Ṣùgbọ́n àwa olùkọ́ àti ẹ̀yin òbí ló kàn jù. A ò ní purọ́ fún yín. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, alùpùpù wa bàjẹ́ lọ́nà, ẹni tí a jẹ lówó ti pè wá lẹ́ẹ̀mejì, a sì dé kíláàsì pẹ̀lú òógùn. Ọmọkùnrin kékeré kan béèrè ohun tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣàlàyé tán. A gbá a létí. Kì í ṣe òun ló ṣẹ̀ wá. Ó jókòó, kò sunkún, ṣùgbọ́n títí ọdún náà fi parí, kò tún nawọ́ sókè láti béèrè ohunkóhun lọ́wọ́ wa mọ́. Èyí ṣì ń dùn wá ju gbogbo àléébù tí inspecteur ti kọ nípa wa lọ.

Láàrin ìbínú àti ọwọ́, àyè èémí kan wà. Ó kéré, ṣùgbọ́n ó wà. Ẹni tó ti fi ọ̀pọ̀ òwúrọ̀ kọ́ ọ á rí i nígbà tó bá kan. Ẹni tí kò kọ́ ọ kò ní mọ̀ pé ó wà títí ọwọ́ á fi balẹ̀.

Ohun tí èémí ò lè ṣe

Èémí ò san gbèsè. Kò lé onílé lọ. Ohun tó ń ṣe ni pé ó ń fún orí láyè láti ronú ohun tó kàn. Bákan náà, kò sí ẹ̀sìn nínú ohun tí a sọ yìí: Mùsùlùmí ń mí, Kìrìsìtẹ́nì ń mí, oníṣẹ̀ṣe ń mí.

Kò sì rọ́pò dókítà. Ẹni tó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kò gbọdọ̀ fi í sílẹ̀ nítorí èyí. Ẹni tó ní asthme, kó má jìnnà sí oògùn tó ń fín sẹ́nu. Bí àyà bá ń dun èèyàn tí ìrora náà sì ń lọ sí apá tàbí sí àgbọ̀n, tàbí tí èémí ò já gaara nígbà tó jókòó jẹ́ẹ́, ilé ìwòsàn ni kí ó lọ lójú ẹsẹ̀, kó má jókòó kó máa ka ení, èjì. Ẹ rántí pé àwa náà, ilé ìwòsàn la kọ́kọ́ lọ. Ẹni tí ìbànújẹ́ bá sì gbé dè fún ọ̀sẹ̀ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀, tí kò lè sùn, tí oúnjẹ ò wù ú, tàbí tó ń rò pé kí òun kú, kó má dá a gbé. Kó sọ fún ẹni tó fọkàn tán, kó sì lọ rí dókítà. Kì í ṣe ìtìjú.

Ọmọkùnrin abẹ́ igi máńgòrò

Ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn padà wá. Àwa àti òun la jọ kọ́ ọ, nítorí a ò mọ̀ ọ́n jù ú lọ. Fún bí oṣù kan, ó ń mí lórí ẹní rẹ̀ láàárọ̀. Ọjọ́ tó tún dúró níwájú CM1, ọwọ́ rẹ̀ ṣì ń gbọ̀n, ẹ má jẹ́ kí a sọ àsọdùn. Ṣùgbọ́n ó gbé ẹfun sílẹ̀, ó kọjú sí pátákó, a rí èjìká rẹ̀ tó wálẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Nígbà tó yíjú padà, ohùn jáde. Ó mú búrẹ́dì kan, ó gé e sí mẹ́rin, ó bi àwọn ọmọ pé: «Bí mo bá jẹ ẹyọ kan, mélòó ló kù?» Ẹ̀kọ́ náà lọ dópin. Àwa tí a jókòó sẹ́yìn, a ò sọ nǹkan kan.

Òun náà ti di olùkọ́ báyìí. Láàárọ̀, kí wọ́n tó ṣí kàyé, òun àti àwọn ọmọ rẹ̀ á jọ mí lẹ́ẹ̀mẹfà. Ìṣẹ́jú kan ni.

Nítorí náà, ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa, nígbà mìíràn tí ọmọ bá ń gbọ̀n tàbí tó ń binu, tí «Fara balẹ̀!» sì ti dé ẹnu yín, ẹ dá a dúró díẹ̀. Ẹ jókòó tì í. Ẹ mí, kó rí i bí ẹ ṣe ń mí, kó bá yín mí. Ara tó ti balẹ̀ ló lè kọ́ ara mìíràn bí a ṣe ń balẹ̀.